Ẹsẹ̀ Màámi Lórí Tẹlifóònù

Ewé tíì ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún nílùú òyìnbó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Òtútù dé, ó gé mi létí, mo fara dà á. Wọ́n ń fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi pè mí, mo ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, obìnrin kan ṣí ìgò kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, òórùn ewé tíì sì gba gbogbo yàrá. Ewé tíì kan náà tó hù lẹ́yìn ilé wa ní Sabon Gari ní Minna, lẹ́bàá ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Òun ni Màámi máa ń sè fún wa tí ibà bá mú wa, tí a ó máa sá kiri ilé nítorí pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Mo gbé àwo oúnjẹ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo jókòó sétí ibùsùn arúgbó kan, mo sì bú sẹ́kún.

Susan ni obìnrin tó ṣí ìgò náà ń jẹ́. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, orí rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ ó ní kí n máa pe òun ní Susan ṣáá. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Àǹtí Susan ni mo ń pè é títí di òní. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá fi epo olóòórùn dídùn wọ́ ẹsẹ̀ fún àwọn arúgbó wa. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá mo ní, "Ewé ẹ̀yìnkùlé wa lẹ rọ sínú ìgò yẹn, mà."

Òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ni Màámi ń tà fún àwọn télọ̀ lọ́jà Minna. Bàbá wa, tó kó wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ṣe díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi títí ó fi kú, kò fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ fún un ju èmi àti Tóyìn àbúrò mi lọ. Ẹsẹ̀ ni Màámi fi ń lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. Tí alùpùpù akérò bá dúró fún un, á ní kó máa lọ, òun ò tíì ṣetán àtikú. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á nà sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan, á ní, "Ó yá, dókítà mi."

Èmi ni mo máa ń fi òrí pa á. Òrí kì í wọ́n wa ní Minna, àwọn ìyá Núpé máa ń gbé e wọlé láti abúlé. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú ara mi lọ: ibi tí gìgísẹ̀ òsì ti là, àpá tí bàtà dá sí i lọ́rùn ẹsẹ̀, ọmọ ìka tó kéré jù tó gun ìkejì rẹ̀ lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí n lọ, mo wọ́ ọ pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Màámi ní, "Ta ni yóò wá máa wọ́ ẹsẹ̀ mi báyìí?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé omi ti lé sí i lójú.

Tóyìn ní, "Haba, Màámi! Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Ọwọ́ rẹ tó le bí ọwọ́ bíríkìlà?"

Mo ní, "Màámi, mo ń bọ̀ wá wọ́ ọ. N kò ní pẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ohun tí mo ń wá lọ kò sì ju kí n ríṣẹ́ ṣe, kí n kó nǹkan díẹ̀ jọ, kí Màámi lè jókòó sílé, kí ẹsẹ̀ yẹn sinmi. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ bí òmíràn, kó máa sọ ọ́.

Nílùú òyìnbó, ẹ̀rù dídákẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí. N ó wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, n ó kí gbogbo wọn pé ẹ káàárọ̀ o, wọn á wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ owó. Yàrá tí mo ń gbé wà lókè ilé ìfọṣọ kan, ẹ̀rọ ibẹ̀ ń yí láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó débi tí mo fi ń kí irin amúlémóoru ara ògiri pé, "Ina kwana?" Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó gbóná, ó sàn ju àwọn ará bọ́ọ̀sì lọ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ sí ìpàdé àwọn Yorùbá. Bí mo ṣe ní Minna ni mo ti wá, ọkùnrin kan ní, "Minna? Yorùbá ń bẹ ní Minna?" Mo fẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí a bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún Kérésì, àwọn ọmọ bàbá wa a máa pè wá ní Gàmbàrí, nítorí pé Hausa ló máa ń yọ́ bọ́ lẹ́nu wa tí a bá ń jà. A padà dé Minna, àwọn Hausa á ní Yarabawa, àwọn Yorùbá, ti dé. N kò wá mọ ibi tí wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ìlú òyìnbó ni mo ti di àlejò. Àlejò ni mí kí n tó gbéra nílé. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bi mí pé níbo ni mo ti wá ni ẹsẹ̀ ẹní Màámi.

Àǹtí Susan ló ṣàkíyèsí bí mo ṣe ń di ẹsẹ̀ arúgbó mú tí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní Màámi ni. Ó mú mi lọ síbi tí òun ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ náà. Wọ́n ń pè é ní rẹfilẹkisọ́lọ́jì, ó pẹ́ kí ahọ́n mi tó gba orúkọ yẹn. Wọ́n gbà pé kò sí ibi tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tí kò ní ibi tó ń bá ṣe nínú ara: ọmọ ìka ń bá orí ṣe, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ń bá ikùn ṣe, gìgísẹ̀ ń bá ìbàdí ṣe. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá kì í ṣe òótọ́, Àǹtí Susan fúnra rẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé, "Ẹ kì í ṣe dókítà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ wo àìsàn rẹ̀ sàn, ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹ kàn fẹ́ kí ara tù ú ni. Kí ara tu èèyàn, nǹkan ńlá ni."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ́ ẹsẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo kúnlẹ̀. Àga kékeré wà níbẹ̀, n kò tiẹ̀ rí i. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni mo fẹ́ dì mú, kí ni n ó máa jókòó ṣe? Mo ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ọ̀tún nìkan ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń wojú ara wọn. Àǹtí Susan fà mí sápá kan, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá ọwọ́ òsì mi rọ ni.

Mo ní, "Rọ kẹ̀? Ó le koko, mà."

"Kí ló dé tí o fi ń gbé e pamọ́?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n. Ṣé n ó wá na òsì sí wọn ni?"

"Ti ìyá rẹ nílé ńkọ́?"

"Ọ̀tún nìkan. Àtikékeré."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ mi, ó fi ọwọ́ kan gbé gìgísẹ̀ ró, ó fi èkejì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ kan á máa di ẹsẹ̀ mú, èkejì á máa ṣiṣẹ́. Má jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni náà má baà rò pé o ti fi òun sílẹ̀ lọ." Mo fi òsì kún un láti ọjọ́ náà. Ìkúnlẹ̀ ni n kò lè fi sílẹ̀. Wọ́n bá wá tìmùtìmù kékeré kan fún mi, mo ń kúnlẹ̀ lé e.

Ìyá àgbà kan wà nílé ìtọ́jú náà tó ń jẹ́ Margaret. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ló máa ń wò. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Australia. Mo po epo láfẹ́ńdà díẹ̀ mọ́ òróró, mo wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wá ń pa dé. Lójijì ó la ojú, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "O ti dé? O pẹ́ o." Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mo ti dé, mà." Ó sùn lọ fọnfọn, ẹni tí wọ́n ní kì í sùn lọ́sàn-án. Ọ̀gá wa yìn mí lọ́jọ́ náà, inú mi dùn, n kò ní purọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń fọ ọwọ́ mi ni inú mi bà jẹ́. Ìyá oníyàá ni mo ń wọ́ lẹ́sẹ̀, ta ló ń wọ́ tèmi?

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ ìpè wa. Lákọ̀ọ́kọ́, Màámi àti Tóyìn á lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbowó ìpè láàárín ìlú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á máa retí mi pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Nígbà tí GSM dé, Tóyìn ra tirẹ̀, ó di pé mo ń gbọ́ ariwo adìyẹ ilé wa. Orí GSM yìí ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ní Màámi ní àtọ̀gbẹ.

Màámi ń bínú. "Èmi tí n kì í jẹ ṣúgà! Ewé tíì tí mo ń sè fún yín, ṣé mo fi ṣúgà sí i rí ni?"

Ó ní ẹsẹ̀ òun ń ṣe òun bí ìgbà tí ìjàlọ bá ń rìn lórí rẹ̀. N kò lè wálé. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, tí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́, owó iṣẹ́ yìí ló sì ń ra oògùn Màámi. Mo wá ronú kan ohun tí mo lè ṣe. Mo ní kí Tóyìn fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, kí ó jókòó sídìí ẹsẹ̀ Màámi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi láti Leeds nìyẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Egbò wà níbẹ̀?" nítorí Àǹtí Susan ti kìlọ̀ fún wa pé ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ bó ṣe wù ú. Tóyìn á ní kò sí. N ó ní kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi bóyá kò gbóná jù. Kó má fi òrí sáàárín ọmọ ìka. Kó má tẹ̀ ẹ́ kíkan. "Ọ̀tún la ó kọ́kọ́ ṣe. Di gìgísẹ̀ mú. Ọwọ́ kejì, máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé àárín? Dúró síbẹ̀. Ní kí Màámi mí sínú."

Màámi á kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Sọ fún bíríkìlà yìí kó rọra o!"

"Kai, Màámi! Mo ti ń rọra, wallahi!"

A ó rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N ó tún rán wọn létí pé kí wọ́n má pa ọjọ́ ìwòsàn jẹ. Tí káàdì ìpè bá tán, ọwọ́ mi á ṣì ká sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń di gìgísẹ̀ mú.

Ó wá di ìgbà kan tí n kò rí wọn pè. Ọjọ́ Ìsinmi kan, òmíràn, fóònù kò wọlé. Tóyìn wá pè mí, ó ní kí n má dààmú, àwọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹbí bàbá wa kan ló kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Ohùn rẹ̀ ti há. Mo ní ṣé ara Màámi le? Ó ní ó le, ọ̀fìnkìn ló mú òun.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Màámi kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún mọ́. "Òsì ni kí o kọ́kọ́ ṣe," ló máa ń sọ. "Òsì ló ń dà mí láàmú." Mo ní, "Egbò wà níbẹ̀, Màámi?" Ó ní, "Kò sí egbò kankan." N ó bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀ òsì, ibi tó là, n ó gòkè lọ sí àárín, títí dé ọmọ ìka tó gun ìkejì rẹ̀. Tóyìn kì í ṣeré mọ́, kì í fèsì. Màámi nìkan ni mo ń gbọ́, tó ń mí kanlẹ̀, tó ń sọ pé, "Ibẹ̀ yẹn. Má tíì kúrò níbẹ̀. Ó ń tù mí."

Wọ́n ní ilé Sabon Gari ń jò, Màámi ti kó lọ sọ́dọ̀ Tóyìn nílé ọkọ rẹ̀ ní Maitumbi, ní Minna náà. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, Màámi lórí àga, ìró rẹ̀ gbálẹ̀. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Mo ń wò ó pé ó ti rù, n kò wo nǹkan mìíràn.

Ìwé mi wá jáde. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń jó nínú yàrá mi lókè ilé ìfọṣọ! Àǹtí Susan di epo sínú àpò kan fún mi, láfẹ́ńdà, ọsàn, àti ewé tíì. Mo ní, "Ẹ tún ń di ewé tíì fún ará Minna?" Ó ní kí n gbé e padà sílé rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ń rò lọ́nà ni ẹsẹ̀ Màámi lórí itan mi.

Màámi wà lórí ẹní nínú yàrá ní Maitumbi, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, ìró bò ó láti ìbàdí lọ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó fa orí mi mọ́ àyà, ó ń gbọ́ òórùn irun mi. "Ọmọ mi. Ọmọ mi. O ò wá sanra náà, kí lo ń jẹ níbẹ̀?" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò dìde. Mo rò pé ayọ̀ ló pa á mọ́lẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wọlé, wọ́n ní sannu, sannu da zuwa, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Mo ní kí Tóyìn gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó. Mo to àwọn ìgò mi kalẹ̀. Mo ní, "Ó yá, Màámi, ẹ gbé ẹsẹ̀ wá. Dókítà yín dé."

Màámi wo Tóyìn. Tóyìn wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ jáde lábẹ́ ìró, ó ti gbẹ, ó ti dúdú sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé e lé itan.

"Òsì tí ẹ ní kí n máa kọ́kọ́ ṣe ńkọ́?"

Mo fọwọ́ ara mi ká ìró náà. Orúnkún ni ẹsẹ̀ òsì parí sí.

Tóyìn wólẹ̀. "Don Allah, Àǹtí mi, ẹ má bínú. Láti ibi èékánná ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn dúdú ni. Ògbómọ̀ṣọ́ tá a lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e."

Ṣe mo bínú? Mo bínú dé eegun. Mo ní, "Ta ni mo wá ń wọ́ lẹ́sẹ̀ láti ìgbà yẹn? Ọjọ́ Ìsinmi wo ni ẹ kò jẹ́ kí n máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹ fi mí ṣe ọmọdé! Ẹ fi mí ṣe àjèjì!" Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Màámi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó wá ní, "Ká ní a sọ fún ọ, kí lo fẹ́ ṣe? Wàá sáré wá, ìwé rẹ á bàjẹ́. Tàbí kí o jókòó sínú òtútù yẹn, ìwọ nìkan. Ta ló wà níbẹ̀ tí ìbá dì ọ́ mú? Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ ọ́. Bínú sí èmi."

Mo fa ìró náà padà bò ó lórúnkún.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ lò ń bá sọ̀rọ̀," ó ní. "Wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn, ìrora rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ń yún mi, ó ń ta mí, ọmọ ìka tí kò sí níbẹ̀ ń ká kò bí ọ̀kùn. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Oògùn wọn ń ṣe díẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tí o bá ní kí Tóyìn di gìgísẹ̀ mú, á gbé ọwọ́ lé orí ẹní níbi tí gìgísẹ̀ ì bá wà. Tí o bá ní àárín, á tẹ àárín. Mo máa ń gbọ́ ọ lára, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ ibẹ̀. Ara á dẹ̀ mí títí di ọjọ́ kejì."

Tóyìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Òótọ́ ni, Àǹtí mi."

Mo ní láti padà. Ìsinmi tí wọ́n fún mi kò gùn, iṣẹ́ ń dúró, oògùn Màámi ṣì ń fẹ́ owó. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀, Màámi náà mọ̀ ọ́n. Ó na ara rẹ̀ sórí ẹní bíi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sabon Gari. Ó ní, "Ó yá, dókítà mi. Òsì ni kí o kọ́kọ́ ṣe."

Mo ṣí ìgò ewé tíì, mo pò ó mọ́ òrí lọ́wọ́ mi, òórùn ilé wa gba yàrá. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Òsì ń lọ́ra lẹ́yìn mi, nítorí ìyá mi ni.

Màámi rí i. Ó ní, "Fi méjèèjì ṣe é."

Mo gbé ọwọ́ òsì lé ẹní, níbi tí gìgísẹ̀ tó là yẹn ì bá wà, mo gbé e ró. Mo fi ọ̀tún gòkè díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé àárín, mo dúró síbẹ̀. Màámi pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn. Má tíì kúrò níbẹ̀."